Ta Ló Fi Mí Ṣe Ìwọ̀fà?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò yájú sí ẹnikẹ́ni, mò ń fi ọwọ́ kan lé eṣinṣin, mò ń fi ọwọ́ kejì di rédíò mọ́ etí nítorí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ pé mo jẹ gbèsè.

Kò dárúkọ mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá tún máa bá wí? Ó ní nígbà tí ọdún 2024 fi parí, gbèsè tó wà lọ́rùn Nàìjíríà ti di tírílíọ̀nù 144.67 náírà, ó ní bí a bá ní a tó 220 mílíọ̀nù, tí a pín in kárí, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní ₦650,000. Ó sọ ọ́ tán, ó fi orin sí i. Orin ijó ni o!

Mo dìde. Mo tún jókòó. Mo ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi, bóyá wọ́n ti kó owó náà síbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ọgọ́rùn-ún náírà méjì ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan sì ti ya láàárín.

Ẹ bá mi dá a. Bí èèyàn bá yá owó, ṣé kò yẹ kó rántí ọjọ́ tó yá a ni? Ṣé kò yẹ kó rántí ohun tó fi ṣe? Èmi tí mo jẹ ọlọ́kadà kan ní ₦50 ní ọdún 2019, tí mo wá a káàkiri títí mo fi rí i san, èmi tó jẹ́ pé bí mo bá gba búrẹ́dì láwìn láàárọ̀, mi ò kì í lè gba iwájú ìsọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì kọjá títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi náà ni mo lọ yá irú owó yìí, tí mi ò rántí? Ṣé ojú oorun ni mo ti yá a ni?

Mo mú bírò, mo ṣírò ilé mi. Èmi, Ìyá Ìbejì, Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, àti àwọn ọmọ Táyé méjèèjì tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa. Ọkọ Táyé, kí àwọn ẹbí rẹ̀ bá a ṣírò tirẹ̀, ẹrù tó wà lórí mi ti tó mi í rù. Orí méje. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ lọ! Bí mo bá ta gbogbo àga inú ilé, tí mo ta fáànù, tí mo ta aṣọ òkè tí mo fi gbéyàwó, tí mo sì fi Ìdòwú ṣe ènì, kò lè pé.

Èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ Táyé, oṣù méjì ló wà, kò tíì léyín. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn, a fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, a fi orógbó wúre kó lè gbó, a fi obì wúre kí ibi lè bì dànù lọ́nà rẹ̀, gbogbo wa ṣe àmín, a ò mọ̀ pé ohun kan ṣì kù tí a kò gbé sórí tábìlì: ìwé gbèsè. Mo ti ń bínú sí ọmọ náà pé igbe rẹ̀ pọ̀ jù lóru. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ ohun tí àwa ò mọ̀.

Ní ayé àwọn baba wa, bí èèyàn bá fẹ́ yá owó ńlá, ó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ń ṣe ni èlé. Owó gan-an ṣì wà nílẹ̀ digbí títí wọ́n á fi rí i san. Mi ò sọ pé ó dáa o. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ̀ pé ìwọ̀fà ni òun! Wọ́n pè é jókòó, wọ́n sọ fún un. Ó mọ ẹni tó yá owó, ó mọ ẹni tó ni owó, ó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Bó bá jẹ́ òkú ni wọ́n fi sin, òun náà jẹ ẹran níbẹ̀. Bó bá sì ṣe iṣẹ́ olówó títí oòrùn fi kàn àtàrí, ó lè gba oko tirẹ̀ lọ.

Èmi ńkọ́? Mi ò mọ olówó mi! Wọ́n ní àwọn kan wà ní Washington, wọ́n ní àwọn kan wà ní Ṣáínà, wọ́n ní àwọn mìíràn ra bọ́ńdì wa ní Lọ́ńdọ̀nù, pé àwọn báńkì àti àwọn olówó ìfẹ̀yìntì nílé níbí náà wà nínú àwọn tí a jẹ. Ẹran òkú kò kàn mí. Oko tèmi kò sì rí àbójútó, nítorí pé nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2025, tó jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà, tírílíọ̀nù 14.32 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbèsè, ìyẹn ni pé bí ìjọba bá fẹ́ ná náírà mẹ́rin, ó lé ní ọ̀kan tí gbèsè máa ń gbé mì kí títì tó rí nǹkan, kí ilé ìwòsàn tó rí nǹkan, kí ilé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò tó rí nǹkan. Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù karùn-ún 2023, wọ́n kó tírílíọ̀nù 22.7 náírà tí ìjọba ti ń fà yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ báńkì àgbà, wọ́n sọ ọ́ di gbèsè tí a ó fi ogójì ọdún san. Ogójì ọdún! Kí ó tó tán nílẹ̀, ọmọ Táyé tí kò tíì léyín yìí á ti máa wá ẹni tó máa bá a tu ewú.

Kí ẹ má rò pé ìyà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o. Ọdún 1958 ni wọ́n bí mi, láti ìgbà tí mo sì ti gbọ́n ni ìjọba ti ń lé mi kiri. Ní 1975, bàbá mi gba owó Údójì, ìyẹn owó tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, ó fi ra kẹ̀kẹ́ Raleigh, inú gbogbo ilé dùn, kí oṣù tó parí gbogbo ọjà ti gbówó lórí, bàbá mi wá ń fi kẹ̀kẹ́ tuntun gbé ebi kiri. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú tó ń ta epo rọ̀bì! Bí ẹni pé alápatà lọ ń tọrọ egungun.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ ní 1979. Nígbà tó di 1982, mo ti rí ọmọge kan tó dúró bí ère, ìyẹn Ìyá Ìbejì kó tó di Ìyá Ìbejì, a ti mọra, a ti dá ọjọ́ ìdána, àfi bí Ààrẹ Ṣàgàrí ṣe gbé òfin ọ́sìtẹ́rítì jáde ní oṣù kẹrin ọdún náà gan-an, nítorí pé owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ẹ ò rí i? Ọdún tí mo fẹ́ gbéyàwó! Wọ́n dín ohun tó ń wọlé láti òkè òkun kù, ìrẹsì dàwátì, mílíìkì dàwátì, ọṣẹ ìfọṣọ dàwátì, a wá ń tò láti òwúrọ̀ nítorí páálí ọṣẹ kan tí èèyàn mẹ́fà máa pín. Bàbá ìyàwó mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, “Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwọ tí o ò rí ọṣẹ rà, ọmọ mi lo fẹ́ gbé?” A sún ìdána síwájú.

Ó di 1984. Àwọn ológun ti padà dé. Bùhárí àti Ìdíàgbọn ti bodè, wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni lé ẹyẹ lóko ìrẹsì, wọ́n tún pààrọ̀ àwọ̀ náírà ní oṣù kẹrin. Oṣù kẹrin náà tún ni! Owó ìdána mi sì wà lábẹ́ ẹní. Mo gbé e sáré dé báńkì, mo to ọjọ́ mẹ́ta, ẹnìkan gún mi lẹ́sẹ̀, ẹnìkan gún mi níhà, nígbà tí mo fi dé iwájú wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú. Bàbá ìyàwó mi tún wò mí.

Ti 1985 ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbáńgídá gbàjọba, ó ní ohùn aráàlú ni òun fẹ́ gbọ́: ṣé ká yá owó IMF, àjọ tó ń yá àwọn ìjọba lówó, ni, àbí ká má yá a? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́rìí mi! Gbogbo ìlú ló sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ọlọ́jà sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há, a ní rárá, a ò yá a, ẹ dá a padà fún wọn. Ìjọba ní ó dáa, a ti gbọ́, a ò ní yá a. A pàtẹ́wọ́! A gbé ara wa gẹ̀gẹ̀! Kí 1986 tó yípo, wọ́n gbé SAP dé, ètò tí wọ́n ní yóò tún ọrọ̀ ajé tò: náírà ní kó lọ wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, owó ìrànwọ́ ní kó wálẹ̀, òṣìṣẹ́ ní kó mú sùúrù. Gbogbo ohun tí IMF ì bá ní ká ṣe ká tó fọwọ́ kan owó rẹ̀ ni a ṣe, a ò sì fọwọ́ kan owó! Bí ẹni tó ní òun ò mu ọtí, tí wọ́n da ọtí nù, tí wọ́n wá fi igò gbá a lórí. Àwọn ọmọ òde òní ń pe ìṣẹ́ ní sapa, wọ́n rò pé àwọn ló bí i. Mo mọ baba rẹ̀. Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ.

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà tí ọjà dọ́là ṣí ni mo gbéyàwó. Láàárín ọjọ́ tí a dúnàádúrà aṣọ àti ọjọ́ tí a lọ gbé e, iye rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Bàbá ìyàwó mi kò wò mí mọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n.

Mo rò pé ó ti tán ní 2005. Ọbásanjọ́, tó ti bọ́ kakí tó ti wọ agbádá, àti Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ètò ìnáwó, bá àwọn Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, dúnàádúrà, wọ́n fi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, àwa náà kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ra ẹmu! Kẹ́ẹ̀gì kan gbáko! Mo pe gbogbo ọ́fíìsì, mo ní ẹ mu, ìwọ̀fà ti ra ara rẹ̀ padà. Ogún ọdún rèé, mo ṣì ń kábàámọ̀ owó ẹmu yẹn, torí pé a ò tíì fọ ife tán tí wọ́n ti tún ń yá.

Ẹ wá bá mi dé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023. Ààrẹ Tinúbú búra tán, wọn ò tíì kúrò lórí pèpéle, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ti lọ! Lọ síbo? Ta ló sìn ín dé ọ̀nà? Kò dágbére fún mi! Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀ ni mo wà, awakọ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò, ó rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó yíjú sẹ́yìn, ó ní ẹ̀yin èrò, ẹ fowó kún owó. Mo ní ṣebí epo tó wà nínú táǹkì rẹ yìí, àná lo rà á? Ó ní Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Epo tó wà ní nǹkan bíi ₦190 ń lọ sí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá 2024, lítà kan ti ń kan ₦1,000. Ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ lókùn, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì kọjá ₦1,500 kí ọdún kejì tó parí.

Ibẹ̀ ni idán wà o, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Gbèsè tí a jẹ ní dọ́là kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ní náírà, ó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi! Mo sùn, mo jí, mi ò yá kọ́bọ̀, gbèsè dọ́là yẹn ti di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà. Àwọn sọ̀gúndogójì ayé àtijọ́ tó ń sọ ogún di ogójì, tí a ń ṣépè fún, ọmọdé ni wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé á ní owó ìrànwọ́ epo yẹn ti pọ̀ jù, pé àwọn onífàyàwọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ ìjọba ló ń jẹ ẹ́. Mo gbà, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ ẹ́, ṣé àwọn ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Sábó báyìí? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, wọ́n ní òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà ti jẹ tán o. Igbá rẹ̀ rèé lórí mi!

Wọ́n ní kí n má kánjú, ìjọba náà ń dín ìnáwó tirẹ̀ kù. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ ká wò ó. Láti 2012 ni ìgbìmọ̀ Oronsaye, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ àwọn àjọ rẹ̀ wò, ti kà á pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tó 541, tí wọ́n ní kí wọ́n pa àwọn kan pọ̀, kí wọ́n pa àwọn kan rẹ́. Ìwé náà sùn fún ọdún méjìlá. Oṣù kejì 2024 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ tó jí i. Èmi, bí wọ́n bá ní kí wọ́n dín nǹkan mi kù, ṣé ó máa ń sùn di ọ̀la? Mínísítà 45 ni wọ́n búra fún ní oṣù kẹjọ 2023. Àwa méje, ìkòkò kan ló ń bọ́ wa. Ní oṣù kìíní 2024, ààrẹ ní àwọn tó ń tẹ̀ lé òun lọ sókè òkun kò gbọdọ̀ ju ogún lọ mọ́, pé àádọ́ta ni tẹ́lẹ̀. Ogún! Èmi tó jẹ́ pé èmi àti orúnkún tó ń dùn mí la jọ ń rìn! Ẹ má gbàgbé ọkọ̀ ojú omi ààrẹ náà, bílíọ̀nù márùn-ún náírà, tó yọjú nínú àfikún ìṣúná 2023. Ariwo sọ, àwọn aṣòfin bá kó owó ọ̀hún lọ sórí ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ẹ rí ayé mi? Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ gba owó náà lẹ́nu ọkọ̀, gbèsè náà ni wọ́n tún sọ ọ́ dà, kí wọ́n fi yá ọmọ wa!

Mo lè fara da ti ìjọba. Ti Ìyá Ìbejì ni kò ṣeé fara dà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ ìbúra ààrẹ yẹn, mo jókòó sídìí àmàlà mi, mo fọwọ́ rò ó títí, mi ò kan nǹkan. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹran dà?” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, owó ìrànwọ́ orí ẹran ti lọ.” Kò rẹ́rìn-ín! Ó kọ́kọ́ fi pọ̀nmọ́ rọ́pò rẹ̀. Pọ̀nmọ́ ọ̀hún tó àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀rẹ̀, ó wá tó ìka méjì, ó ti dà bí èékánná báyìí, mo ní láti wọ awò ojú jẹun kí n má baà gbé e mì láì tíì kí i. Wọ́n ti pín àwọn tó ń lo iná mànàmáná sí bándì tẹ́lẹ̀, nígbà tó wá di oṣù kẹrin 2024, tí àwọn tó wà ní Bándì A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, bẹ̀rẹ̀ sí san ₦225 fún ohun tí wọ́n ń ra ní nǹkan bíi ₦68, wọ́n ní àdúgbò tiwa kò sí ní A. Mo dúpẹ́ pé owó wa kò wọ́n sí i, mo sunkún pé a ò ní rí iná. Ìyá Ìbejì ní òun ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ó pín àwo oúnjẹ sí bándì! Kẹ́hìndé tó ń dá owó oúnjẹ wà ní A, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń jẹ lójúmọ́. Èmi tí owó ìfẹ̀yìntì mi ti fi oṣù mẹ́rin rìn gbéregbère, mo wà ní E.

Ẹ sì wo owó kékeré tó bá yọ́ wọlé. Lọ́dún 2025, Kẹ́hìndé fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí mi, ìjọba ti yọ ₦50 kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo lọ gbà á lọ́dọ̀ oní-POS, oní-POS yọ tirẹ̀, mo ra káàdì ìpè, wọ́n ní owó ìpè ti lé sókè, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní kò sí ṣéńjì, mo dé ilé elégbòogi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wọ́n débi pé ẹ̀jẹ̀ mi ru sí i nígbà tí wọ́n dá iye rẹ̀, mo padà sílé pẹ̀lú ₦300 àti orí fífọ́, Ìyá Ìbejì na ọwọ́, ó ní, “Mo gbọ́ pé owó wọlé.”

Ìdòwú ló wá la ojú mi. Ìdòwú ọmọ mi, orí kunkun gẹ́gẹ́ bí orúkọ, lọ yá ₦20,000 nínú ápùù kan lórí fóònù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ó fi ń lọ sí ₦35,000. Láyé àtijọ́, ológò ni wọn ì bá rán sí i, ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa bú u, á máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ títí owó á fi jáde. Ti òde òní kò wá sílé. Inú fóònù rẹ̀ ni wọ́n wọ̀, wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí pásítọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí káfíńtà, wọ́n kọ̀wé sí ọmọge tó ń fẹ́, wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó ń bá a lẹ táyà, wọ́n kọ̀wé sí èmi baba rẹ̀, pé ẹ bá wa kìlọ̀ fún olè yìí kó san owó wa. Ẹni tó ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ wá bá mi, ojú rẹ̀ le, ó ní kí ni òun jẹ níbẹ̀?

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹnu mi kò lè pa dé. Ọ̀rọ̀ gbèsè ìlú ló yé mi yékéyéké lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ìjọba yá owó, nọ́ńbà àwa ló wà nínú fóònù rẹ̀!

Láti ìgbà náà, bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè, àyà mi á já, mi ò ní gbé e. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àwọn Paris Club nìyẹn. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí pè láti àárọ̀, ó pè, ó pè, ó pè, mo wá na fóònù sí ọmọ Táyé àgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mo ní, “Gbé e, sọ fún wọn pé Bàbá ò sí.” Ọmọ gbé e, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ó kí wọn, ó wá ní, “Bàbá ò sí mọ́.”

“Mọ́” yẹn, mi ò rán an! Òun ló fi ènì sí i! Mo gbọ́ tí ẹni ọ̀hún ní, “Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti ìgbà wo?” Ọmọ wò mí, ó ní, “Láàárọ̀ yìí.” Wọ́n kí ilé kú ará fẹ́ra kù, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Kì í ṣe Paris Club. Ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láàyè, kí wọ́n lè san oṣù mẹ́rin náà.

Mo sáré débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ ti kú níbí.” Mo ní, “Ọmọ mi, èmi rèé, fọwọ́ kàn mí.” Ó ní òun rí mi, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò rí mi. Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù pé mo wà láàyè, kí n gba ìwé lọ́wọ́ baálẹ̀ àdúgbò, kí n mú ẹlẹ́rìí méjì tó ti mọ̀ mí láti ogún ọdún dání, àti fọ́tò tuntun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n má bínú sí wọn, pé ìjọba ń dín ìnáwó kù ni, pé àwọn òkú tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì wà lára ohun tó kó ìlú sí gbèsè.

Ẹ̀yin ará! Èmi ni! Mo wá a lọ wá a bọ̀, láti Údójì dé SAP, èmi gan-an ni mo kó ìlú sí gbèsè! Mo mí kanlẹ̀, mo bi í pé ó dáa, níwọ̀n bí mo ti kú, ṣé wọ́n á yọ ₦650,000 tèmi kúrò nínú tírílíọ̀nù yẹn? Ó ní ọ́fíìsì mìíràn nìyẹn.

Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ ni mò ń lọ fi hàn pé mo wà láàyè. Owó kóòtù, owó fọ́tò, owó ọkọ̀ èmi àti ẹlẹ́rìí méjì, mo ti wá a títí, mi ò rí i. Ìdòwú ló bá mi yá a, nínú ápùù mìíràn, ó ní èyí sàn ju ti àkọ́kọ́. Wọ́n béèrè nọ́ńbà àwọn tó mọ̀ mí, tó lè jẹ́rìí pé èèyàn gidi ni mí. Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí. Ẹ̀yin la kọ síbẹ̀.